Ẹ̀yin tuntun nínú ham radio, ẹ tún aago yín ṣe kẹ́ ẹ tó tẹ káàdì QSL

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa láàyè nínú ìwé ìròyìn yín ká bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ham radio (rédíò téèyàn fi ń bá àwọn ẹlòmíràn kárí ayé sọ̀rọ̀ láìṣe òwò) lọ́wọ́ àjọ NCC sọ ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ wá lọ́kàn. Kó tó di pé wọ́n fún èèyàn láṣẹ, á ti kọ́ òfin, á ti kọ́ nípa iná mànàmáná àti áńténà. Ohun tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ni ni ohun tó kàn lẹ́yìn téèyàn bá ti bá ará Jámánì tàbí ará Japan sọ̀rọ̀ tán: bí àwọn méjèèjì ṣe máa jẹ́rìí fún ara wọn pé ọ̀rọ̀ náà wáyé lóòótọ́. Ìjẹ́rìí yẹn ni QSL.

Káàdì ni ọ̀pọ̀ ẹni tuntun kọ́kọ́ ń ronú sí. Wọ́n á wá ẹni tó máa ya àwòrán sí i, wọ́n á gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé, wọ́n á tẹ ẹgbẹ̀rún kan, nígbà tí àkọsílẹ̀ tó yẹ kí káàdì náà dúró lé kò tíì dúró fúnra rẹ̀. Lójú tiwa, log (àkọsílẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá èèyàn sọ) tó péye ló ṣáájú, LoTW (ètò ìjẹ́rìí orí íntánẹ́ẹ̀tì) ló tẹ̀ lé e, káàdì bébà ló kẹ́yìn.

Ẹ má sì rò pé tiyín nìkan ni. 5N, àmì Nàìjíríà, tó wà níwájú àmì ìpè yín, àwọn tó ń wá a kò kéré. Àmì ẹ̀yẹ DXCC tí ARRL, ẹgbẹ́ àwọn oníham radio, ń fúnni láti Amẹ́ríkà kì í tẹ èèyàn lọ́wọ́ àfi tó bá ní ìjẹ́rìí láti ilẹ̀ 100, ó kéré tán, nínú 340 tó wà lórí àtòkọ wọn. WAZ, àmì ẹ̀yẹ mìíràn, pín ayé sí agbègbè 40, agbègbè 35 sì ni Nàìjíríà, Benin àti Tógò wà. Ẹni tó ti ń wá Nàìjíríà tipẹ́, tó wá gbọ́ ohùn yín lóru ọjọ́ kan láàárín ariwo, ìjẹ́rìí yín nìkan ló kù tó máa fi rí i kà. Bí ẹ kò bá jẹ́rìí, àìsùn rẹ̀ já sí asán. Ìdí rèé tí a fi ń sọ pé gbèsè ni QSL, kì í ṣe ẹ̀bùn.

Ká wá bọ́ sórí log. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣaláìsí níbẹ̀ ni àmì ìpè ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀, ọjọ́, aago, báńdì tàbí fíríkúẹ́ńsì, mode (bóyá ohùn ni tàbí Morse), RST (máàkì bí ẹ ṣe gbọ́ ara yín sí) tí ẹ fún un àti èyí tó fún yín. Ojú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́, kì í ṣe tí ilẹ̀ bá mọ́. Kódà tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ fi ń ṣe log, ẹ ní ìwé jótà kan àti bírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, nítorí pé iná lè lọ láàárín ọ̀rọ̀ kí kọ̀ǹpútà tó fi ohunkóhun pamọ́.

Aago tí gbogbo ayé ń lò nínú iṣẹ́ yìí ni UTC. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀, ti Benin náà rí bẹ́ẹ̀, ti Tógò ló bá a dọ́gba. Wákàtí kan ṣoṣo yìí ń ba ìjẹ́rìí jẹ́ ju ohunkóhun tí a mọ̀ lọ. LoTW kì í so àkọsílẹ̀ ẹni méjì pọ̀ bí aago wọn bá fi ju ìṣẹ́jú 30 lọ yàtọ̀ síra. Ká ní ẹ kọ 21:10 bẹ́ ẹ ṣe rí i lára aago ògiri, tí ẹnìkejì kọ 20:10 UTC, ẹ̀yin méjèèjì lè fi log ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, kò sì ní bá ara mu títí láé. Tó bá ti wá kọjá aago méjìlá òru, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Aago 00:20 ọjọ́ Àìkú ní Èkó, 23:20 ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ní UTC. Ẹni tó rántí yọ wákàtí kan, àmọ́ tó gbàgbé láti yí ọjọ́ padà, ọjọ́ kan gbáko ló fi ṣìnà yẹn.

Aago kékeré kan ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ yí i sí UTC, kẹ́ ẹ fi ìwé lẹ̀ ẹ́ lára pé UTC ni, kẹ́ ẹ gbé e sórí rédíò. Ti kọ̀ǹpútà yàtọ̀: ẹ fi í sílẹ̀ lórí aago Èkó. WSJT-X, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe FT8, mọ̀ bó ṣe máa yọ wákàtí kan náà fúnra rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ọwọ́ dá aago kọ̀ǹpútà padà sẹ́yìn ní wákàtí kan kó lè bá UTC mu, wọn ò sì yí agbègbè aago rẹ̀ kúrò ní Èkó. Ètò náà á tún yọ wákàtí kan mìíràn, gbogbo log wọn á wá fi wákàtí kan kéré sí bó ṣe yẹ.

Lórí FT8, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ láti inú rédíò, ìṣẹ́jú-àáyá gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Joe Taylor, K1JT, àti Steve Franke, K9AN, ló gbé FT8 jáde ní 2017. Ìṣẹ́jú-àáyá 15 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ń sọ̀rọ̀ tàbí gbọ́, bí aago kọ̀ǹpútà bá sì ti ṣìnà tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì, àwọn ẹlòmíràn kò ní lè tú ohun tí ẹ rán. Láptọ́ọ̀pù tí kò rí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ mélòó kan máa ń ṣìnà bẹ́ẹ̀. Nínú WSJT-X, ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ DT (ìyàtọ̀ aago, ní ìṣẹ́jú-àáyá) sí lókè. Tí ẹnì kan bá ní 1.3 tí àwọn yòókù wà nítòsí 0, aago tirẹ̀ ló bàjẹ́. Tí gbogbo wọn bá ní nǹkan bíi 1.3, tiyín ni. Ẹ so kọ̀ǹpútà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì fóònù fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kẹ́ ẹ ní kó bá aago orí íntánẹ́ẹ̀tì dọ́gba, kẹ́ ẹ tó tún pe ẹnikẹ́ni. Tí RR73, tó túmọ̀ sí pé ẹnìkejì ti gbà á, ó dàbọ̀, bá ti wọlé, fèrèsé kan lè yọ pé kẹ́ ẹ fi QSO (ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ) pamọ́. Ẹ tẹ OK. Bí ẹ bá pa fèrèsé náà dé láìtẹ̀ ẹ́, QSO yẹn kò wọ inú fáìlì log rẹ̀, wsjtx_log.adi, nìyẹn.

Ẹ fetí sí àmì ìpè tiyín náà. Nínú Morse, 5 jẹ́ tó-tó márùn-ún tó tẹ̀ lé ara wọn kíákíá, H sì jẹ́ mẹ́rin. Bí ìgbì bá lọ sílẹ̀ díẹ̀ lórí tó-tó kan péré, 5N ti di HN létí ẹni tó ń gbọ́, HN sì wà lára àwọn àmì tí wọ́n pín fún Iraq. Ẹni yẹn á kọ yín sínú log bí ará Iraq, ìjẹ́rìí kò sì ní wáyé. Ẹ má fi TU (ẹ ṣeun) parí QSO àfi tẹ́ ẹ bá gbọ́ kó dá àmì ìpè yín padà lódindi. Tó bá ṣì í, ẹ tún un rán lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ rọra rán an.

LoTW wá kàn. Láti 2003 ni ARRL ti gbé e kalẹ̀, òun ló sì yára jù fún ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, nítorí pé kò sí sítáǹbù níbẹ̀, kò sí àpòòwé tó lè sọnù. Ẹ kò ní láti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ARRL. Ọ̀fẹ́ ni fífi log ránṣẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni ìjẹ́rìí. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fi ìjẹ́rìí gba àmì ẹ̀yẹ ni owó tó wọ̀ ọ́.

Ẹ gba ètò TQSL látorí ìkànnì ARRL sórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ fi béèrè sáàtífíkéètì fún àmì ìpè yín. Ó máa bi yín ní àmì ìpè, ilẹ̀, orúkọ àti àdírẹ́sì. Ẹ kọ wọ́n bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé àṣẹ, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Ó tún máa béèrè ọjọ́ tí QSO yín bẹ̀rẹ̀. Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra. Ọjọ́ tí wọ́n fún yín láṣẹ ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ jókòó ti kọ̀ǹpútà, torí pé QSO tó bá ṣáájú ọjọ́ tí ẹ kọ, TQSL kò ní fọwọ́ sí i. Ẹ fi àyè ọjọ́ ìparí sílẹ̀ lófìfo tí ẹ bá ṣì ń lo àmì ìpè náà.

Lẹ́yìn èyí, àwọn ará LoTW máa fẹ́ rí ẹ̀dà ìwé àṣẹ yín àti ìwé ìdánimọ̀ kan tí ìjọba fún yín. Ẹ ya fọ́tò wọn kó mọ́lẹ̀, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn, kí orúkọ tó wà lórí méjèèjì sì bá ara mu. Bí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .tq6 máa wọlé sínú ímeèlì yín. Orí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi béèrè gan-an ni kẹ́ ẹ ti ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí tó máa ṣí i ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tí ẹ ti béèrè, kò sí níbòmíràn. Ẹni tó bá pààrọ̀ láptọ́ọ̀pù tàbí tó ní kí wọ́n nù ún mọ́ láàárín ìgbà tó ń dúró, .tq6 yẹn kò wúlò fún un mọ́, á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Gbàrà tó bá ti ṣí, ẹ lo TQSL láti fi sáàtífíkéètì náà pamọ́ bíi fáìlì .p12. Ẹ fi ẹ̀dà kan sórí flash, kẹ́ ẹ fi òmíràn ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín. Ọdún mẹ́ta ló ń lò. Bí ẹ bá fi èyí tó wà lọ́wọ́ yín béèrè tuntun kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, wọn kò ní béèrè ìwé kankan lọ́wọ́ yín mọ́.

Ohun tó kàn ni kẹ́ ẹ ṣàlàyé fún TQSL ibi tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀: ilẹ̀ Nàìjíríà, agbègbè CQ 35, agbègbè ITU 46, àti grid (àmì onílẹ́tà àti nọ́ńbà tó ń fi ibi téèyàn wà lórí máàpù hàn). JJ16 ni Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta jẹ́ JJ17, Òṣogbo àti Àkúrẹ́ wà ní JJ27, Ìlọrin sì jẹ́ JJ28. Tí ẹ bá kó láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, ibùdó tuntun ni kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ má yí ti àtijọ́ padà, kí àwọn QSO tí ẹ ṣe ní Èkó má baà di ti Ìbàdàn nígbà tí ẹ bá tún wọn rán.

Nígbà náà ni kẹ́ ẹ wá ní kí ètò log yín kọ gbogbo QSO jáde bíi fáìlì .adi, kí TQSL fọwọ́ sí i kó sì fi ránṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni kẹ́ ẹ rán, kì í ṣe ti ilẹ̀ tí ẹ̀yin ń wá nìkan. Ará Ítálì tí ẹ ti rí irú rẹ̀ ogún, ẹ̀yin lè jẹ́ 5N àkọ́kọ́ fún un. Ẹ máa rán an lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá pẹ́ tí QSO kan kò fìdí múlẹ̀, ẹ má tètè rò pé àṣìṣe wà. Nínú LoTW, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń wá àmì ìpè, ó máa fi ọjọ́ tí ẹni yẹn rán log gbẹ̀yìn hàn yín. Tó bá ti tó ọdún kan tó ti rán nǹkan, káàdì bébà lọ̀nà tiẹ̀.

Ẹ má sì fi LoTW ṣe ibi ìpamọ́ log. Ní oṣù karùn-ún 2024, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kọlu kọ̀ǹpútà ARRL, ọjọ́ 1 oṣù keje ni LoTW tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Fáìlì .adi yín ni log yín. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù.

Àwọn ibi mìíràn wà tí a kò ní fi àkókò ṣòfò lé lórí. eQSL dáa fún àwòrán káàdì orí kọ̀ǹpútà, àmọ́ DXCC kò gbà á. Log orí QRZ, ìkànnì tí wọ́n ti ń wá àmì ìpè, dáa, ojúewé yín níbẹ̀ sì ṣe pàtàkì ju log náà lọ, torí ibẹ̀ ni gbogbo ayé ti máa wo ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà ṣe QSL. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba: LoTW, tàbí káàdì tààrà, àti bóyá ẹ ń gba ti bureau (ọ́fíìsì ẹgbẹ́ tó ń kó káàdì jọ, tó sì ń pín in). Club Log náà wúlò, pàápàá OQRS rẹ̀, níbi tí ẹ ti lè béèrè káàdì kẹ́ ẹ sì san owó rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìfi káàdì tiyín ránṣẹ́.

Ní ti káàdì bébà, sẹ̀ǹtímítà 9 sí 14 ni ìwọ̀n tí gbogbo bureau fara mọ́. Èyí tó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ máa ká, àbí kó ya. Bébà giráàmù 250 tó. Káàdì kan máa wọn bíi giráàmù mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún kan á lé díẹ̀ ní kílò mẹ́ta, ìwọ̀n kílò sì ni wọ́n fi ń gba owó ìfiránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí iwájú rẹ̀ máa dán bó bá ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún atẹ̀wé pé ẹ̀yìn tí ẹ máa kọ nǹkan sí kò gbọdọ̀ dán. Bírò kì í mú lórí bébà dídán. Tí àtàǹpàkò bá kàn án, aago àti ọjọ́ ti dàrú mọ́ra. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igba káàdì.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ fi lẹ́tà kọ oṣù. 05/07/2025 lójú wa ni ọjọ́ 5 oṣù keje, ará Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún. 05 JUL 2025 kò ní ìtumọ̀ méjì. Ẹ fa ìlà gba inú òdo kọjá kó má baà jọ lẹ́tà O. Tí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ ya káàdì náà kẹ́ ẹ kọ òmíràn. Káàdì tí wọ́n fi bírò pa nǹkan rẹ́ lórí rẹ̀, tàbí tí wọ́n fi funfun kùn, àwọn tó ń yẹ DXCC wò kì í gbà á, kódà bó jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé ló wà níbẹ̀. Ẹni tí ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́ ló máa jìyà rẹ̀.

Ọ̀nà tààrà yára ju bureau lọ, àmọ́ owó ń bẹ níbẹ̀. Àpòòwé méjì ni: kékeré tí ẹ kọ àdírẹ́sì tiyín sí, ńlá tó lè gbà á láìká a. Sítáǹbù Nàìjíríà kò wúlò lórí àpòòwé ìdáhùn, torí pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ló máa gbé e. Ẹ wo ojúewé ẹni náà lórí QRZ: ọ̀pọ̀ máa ń béèrè dọ́là méjì tàbí mẹ́ta, àwọn kan máa ń gba IRC, ìwé téèyàn lè fi gba sítáǹbù ní ilẹ̀ mìíràn. Ẹ fi bébà dúdú wé dọ́là náà, kó má hàn tí wọ́n bá gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ẹ má kọ àmì ìpè kankan sára àpòòwé, ti yín tàbí tirẹ̀, nítorí àwọn olè ti mọ̀ pé owó máa ń wà nínú lẹ́tà tó bá ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Orúkọ èèyàn àti àdírẹ́sì nìkan. Fún ìdáhùn, àpótí ìfìwéránṣẹ́ dáa ju nọ́ńbà ilé lọ.

Bureau lọ́ra. Ó lè gba ọdún kan sí mẹ́ta kí káàdì tó débi tó ń lọ, kò sì sí ní ilẹ̀ gbogbo. NARS ni ẹgbẹ́ tó ń ṣojú Nàìjíríà nínú IARU, àjọ ham radio àgbáyé, ẹ bi wọ́n léèrè bí ètò wọn ṣe rí lọ́wọ́lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó kó káàdì jọ. Ẹ to káàdì ní ìtẹ̀léra àmì ilẹ̀, kẹ́ ẹ kọ àmì ìpè ẹni tó ni ín gàdàgbà sí igun òkè lápá ọ̀tún ní ẹ̀yìn káàdì. Tó bá ní alábòójútó QSL (ẹni tó ń bá a bójú tó káàdì), ti alábòójútó náà ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀.

Ẹni tó bá ń kọjá sí Kútọnu pẹ̀lú rédíò rẹ̀, tó sì gba àṣẹ ilẹ̀ Benin, ìbẹ̀rẹ̀ TY máa wọ àmì ìpè rẹ̀, ó sì ní láti gba sáàtífíkéètì LoTW mìíràn fún un. JJ16 ni Kútọnu, JJ16 náà ni Èkó, nítorí náà grid kò lè fi ìyàtọ̀ hàn. Tí QSO Kútọnu bá lọ wọ inú log Nàìjíríà, ẹ ti fi ìjẹ́rìí Benin du gbogbo àwọn tó ń wá a.

Ó máa ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kan á kọ̀wé sí yín pé òun bá yín sọ̀rọ̀, tí ẹ kò sì rí i nínú log. Ẹ wo wákàtí kan ṣáájú àti wákàtí kan lẹ́yìn aago tó dárúkọ. Ẹ wo ọjọ́ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ wo báńdì mìíràn, torí pé ẹlòmíràn máa ń gbàgbé láti yí báńdì nínú log nígbà tó ti yí i lára rédíò. Ẹ wo àmì ìpè tó fi lẹ́tà kan péré yàtọ̀ sí tirẹ̀, ní aago kan náà. Tí ẹ bá rí irú rẹ̀, tí RST rẹ̀ sì bá ohun tó sọ mu, ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ jẹ́rìí fún un. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń béèrè, ẹ sọ aago, báńdì, mode àti RST fún un, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó wò ó. Ẹ má sọ pé kó ṣáà kọ yín síbẹ̀, ẹ má sì yí log tiyín padà kó lè bá tirẹ̀ mu. Tí kò bá sí lóòótọ́, ẹ sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kò sí, kẹ́ ẹ sì dá ọjọ́ mìíràn fún un, ní UTC, pẹ̀lú báńdì àti fíríkúẹ́ńsì tí ẹ ti máa dúró dè é.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwọn òǹkàwé yín kan tí ń ṣe ham radio,
Ìbàdàn.